Ẹni Tí Kì Í Jẹ Awó

Bàbá mi, ẹ kú ilé o,

Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ẹni tó ti ìrìn àjò dé ló ń kí ará ilé, kì í ṣe ará ilé ló ń kọ́kọ́ kí i. Ẹ̀yin lẹ ti délé, èmi ni mo ṣì wà lójú ọ̀nà, ìdí nìyí tí mo fi kí yín. Ara ìyá mi le. Òrùlé tó ń jò lápá yàrá yín, a ti tún un ṣe. Ewúrẹ́ ìyá mi tí ẹ máa ń bá jà lójoojúmọ́ ṣì wà láyé, ẹnu ọ̀nà tí ẹ ò fẹ́ kó sùn sí gan-an náà ló ṣì ń sùn sí.

Mo ní ìròyìn ayọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó ń dùn mí nínú, láì fi epo bọyọ̀. Mo ń fura sí yín, Bàbá.

Ẹ má bínú sí mi. Ta ló kọ́ mi ní ìfura? Bí mẹkáníìkì bá tún kàmíọ̀ yín ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà, ibùdókọ̀ rélùwéè, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, ẹ ó sanwó rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ ó tẹ́ àpò ìdọ̀họ sílẹ̀, tí ẹ ó wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ fi ojú ara yín wò ó. Bí ẹ bá ra epo ọkọ̀, ẹ ó kán díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ ó gbóòórùn rẹ̀. Bí mo bá ní mo ti gbàdúrà, ẹ ó bi mí pé kí ni mo wí fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ sì máa ń fi kádìí gbogbo rẹ̀: wo abẹ́ rẹ̀ kó o tó gùn ún. Mo gbọ́ràn. Gbogbo nǹkan ni mò ń wo abẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an ni mo máa bá níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Omi ojú wa kò tíì gbẹ tí àwọn ará ilé yín ní Ṣábẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò yín obìnrin, tàǹtí tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ní ọmọbìnrin tó ti kàwé parí ní lékòòlù tí kò sì níṣẹ́ lọ́wọ́, kí ló ń jókòó ṣe nílé opó? Ó ti bá mi rí ọkọ, bàbá kan tó ní oko iṣu tó fẹ̀ lọ salalu, tó sì ti láya nílé. Ìyá mi bẹ̀ wọ́n títí. Wọ́n wá gbà pé bí mo bá rí iṣẹ́ gidi kó tó di ọdún Àjíǹde, àwọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Bí mi ò bá rí i, kí n di ẹrù mi.

Iṣẹ́ gidi wo ló wà ní Parakou fún ọmọbìnrin tí kò lẹ́ni? Láti ìgbà òmìnira ni àwọn Faransé ti ń kó ẹrù wọn lọ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó bọ́ sí ipò wọn nínú bíróò sì ń kó ará ilé tiwọn síbẹ̀. Ó ku àwọn òyìnbó oníwàásù tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní ilé ìwòsàn kékeré kan lọ́nà Titirou. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa dúró láàárín nọ́ọ̀sì òyìnbó àti aláìsàn, tí yóò máa túmọ̀. Mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ Dẹ́ńdì, mo gbọ́ Faransé. Ti Gẹ̀ẹ́sì, mi ò mọ̀ ju 'good morning' tí ẹ máa ń mú bọ̀ láti ìhà Nàìjíríà pẹ̀lú ṣúgà inú páálí. Nọ́ọ̀sì náà ní kí n lọ kọ́ ọ, kí n padà wá bí ọyẹ́ bá ti lọ, kí òun dán mi wò.

Ibẹ̀ ni Bámidélé ti wọlé wá. Mi ò wá a lọ o, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ ìsinmi kan ni ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ ré ewúrẹ́ kọjá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ìyá mi. Ó ní Bámidélé lorúkọ òun, ará Ṣakí lòun, ọ̀dọ̀ oníṣòwò aṣọ kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Banikanni lòun ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní òun gbọ́ pé ẹnì kan nílé yìí ń wá olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló sọ fún un? Mo lọ bu omi wá fún un. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi ń fi etí ìró nu ojú, ó ní èéfín ni. Èéfín wo? A ò tíì dáná lọ́jọ́ yẹn.

Mo béèrè iye tó máa gbà. Ó ní òun ò ní gba nǹkan kan. Ara mi bu máṣọ. Ní Parakou yìí, ta ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́? Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ ilé yín ló ń wò. Ó lè jẹ́ èmi ló fẹ́ fẹ́, ṣùgbọ́n kì í wò mí bí ọkùnrin ṣe ń wo obìnrin, ìyẹn gan-an sì tún mú mi fura, torí mi ò burẹ́wà. Ó lè jẹ́ tàǹtí ló rán an láti Ṣábẹ̀ pé kó má jẹ́ kí n yege. Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò tẹ́ mi lọ́rùn. Bámidélé ni wọ́n ń sọ ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, pé kó bá àwọn padà sílé. Wọ́n bí i ní Ṣakí, Ṣakí náà ni ìyá rẹ̀ ti wá, ilé wo ni wọ́n tún fẹ́ bá a dé? Mo bi ìyá mi. Ìyá mi ní kí n lọ fọ abọ́.

Ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá ti rọ̀, á dé láti Banikanni, á jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò, kì í jókòó sórí àga yín láé, bí ìyá mi tilẹ̀ ní kó jókòó. Ní lékòòlù, mẹ́tìrì wa kọ́ wa pé bí a bá fẹ́ sọ bí ẹnì kan ṣe ṣe nǹkan, ká so ìrù mọ́ ọ̀rọ̀ náà: 'ment' ni ìrù tí Faransé ń so. Mo rí i pé 'ly' ni Gẹ̀ẹ́sì ń so ní tirẹ̀, mo ní ó ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Bámidélé ní kí n kọ gbólóhùn kan nípa bàbá mi. Mo kọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà: 'My father worked hardly.' Mo fẹ́ yìn yín ni. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ó wá dákẹ́ lójijì. Ó ní ohun tí mo kọ ni pé agbára káká ni bàbá mi fi ń ṣiṣẹ́, pé ẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan láyé yín. Ó ní ẹni tó ṣiṣẹ́ kára, 'hard' náà là ń sọ, kò nílò ìrù rárá.

Ẹ̀yin ni wọ́n ń wí bẹ́ẹ̀ sí? Ẹ̀yin tí ẹ ń kó òwú àti iṣu láti òkè wá sí gáà, tí ẹ kì í jókòó jẹun ọ̀sán? Inú bí mi gidigidi. Mo ní ó dáa, mo ti mú un. Ó fẹ́ ba Gẹ̀ẹ́sì mi jẹ́ ni, kí ìbátan rẹ̀ kan lè gba iṣẹ́ mi. Ní ọjọ́ kejì mo bọ ẹyin awó, mo gbé e lọ fún nọ́ọ̀sì ní Titirou, mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí ìwé, mo nà án sí i. Ó fi iyọ̀ jẹ ẹyin náà tán, inú rẹ̀ dùn, ó fi ọwọ́ àti ojú ṣàlàyé fún mi títí. Ohun tí Bámidélé sọ náà ló sọ. Bàbá, inú wá bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí bó bá ṣe pé òpùrọ́ ni, mi ò bá ti lé e.

Mo wá ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru, mo sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Ẹ ò ní gbà pé èdè kan lè burú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì á jọra bí ìbejì, wọn ò sì ní jẹ́ ọmọ ìyá kan. Ó ní kí n wo ewúrẹ́ ìyá mi: ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀, 'lie' nìyẹn. Ẹní kò lè tẹ́ ara rẹ̀, ẹnì kan ló tẹ́ ẹ, 'lay' nìyẹn. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àná ni ewúrẹ́ dùbúlẹ̀, ó di 'lay', ẹní á sì di 'laid'. Mo bi í pé irú ìwà wo nìyẹn, kí ewúrẹ́ lọ máa jí orúkọ ẹní wọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́. Ó ní kí n má bá Gẹ̀ẹ́sì jà, kí n kàn máa bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ta ló gbé e. Oòrùn ń 'rise', kò sẹ́ni tó ń tì í. Àsíá Dahomey tó wà níwájú bíróò ìjọba, ó ní ẹni tó ń fa okùn rẹ̀ láràárọ̀, òun ló ń 'raise' rẹ̀. Ó ní kí n máa wo abẹ́ ọ̀rọ̀ kí n tó gùn ún.

Mo gbójú sókè. Kí n tó gùn ún ló wí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe wí i gẹ́lẹ́. Mo bi í pé ibo ló ti gbọ́ ọ. Ó ní àgbàlagbà kan ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun wà ní kékeré, ó sì yára ṣí ojú ìwé mìíràn. Ọjọ́ yẹn náà la ṣe 'late' àti 'lately'. Mo rò pé 'lately' ni ti ẹni tó pẹ́ dé, ó ní rárá, 'lately' ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ẹnu àìpẹ́ yìí. Ẹni tó pẹ́, 'late' ni. Ó kọ àpẹẹrẹ tirẹ̀ sílẹ̀: 'I came late.' Mo ní ó pẹ́ dé ibo? Láti abẹ́ igi, ó ń gba ẹnu ọ̀nà wo fọ́tò yín tó wà lára ògiri inú ilé, èyí tí ẹ ti dúró ti ìlẹ̀kùn kàmíọ̀, tí ẹ fi ọwọ́ kan sí àpò. Ó wò ó pẹ́. Mo fẹ́ bo fọ́tò náà.

Ohun tó wá jẹ́ kó dá mi lójú pé nǹkan wà lábẹ́ ẹní ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo ni ìyá mi ní kó máa bá wa jẹun. Ẹ mọ ìlú yìí, ẹ mọ̀ pé àlejò tí wọn ò bá gbé awó sí níwájú, á ní wọn ò ka òun sí. Síbẹ̀, bí ìyá mi bá se awó, èmi àti òun la máa jẹ ẹ́. Bámidélé, ẹja gbígbẹ. Kò ráhùn, kò wojú awó náà. Mo bi ìyá mi pé ṣé ó fẹ́ fi ìyà jẹ ẹni tó ń kọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ó ní ẹja ló fẹ́ràn. Ta ló sọ fún un pé ẹja ló fẹ́ràn? Mi ò gbọ́ kí wọ́n jọ sọ ọ́ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìyá mi náà, Ọlọ́run má ṣàì dárí jì mí.

Níbi ọ̀rọ̀ awó yìí, mo máa ń rántí yín ṣáá. Nígbà Kérésìmesì, ẹ̀yin olórí ilé, ẹ̀yin alàgbà ìjọ, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń gbé iwe awó fún. Nílé àwọn ọ̀rẹ́ mi, kò sí bàbá tó jẹ́ fi iwe sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ̀yin, ẹ ó gbàdúrà sí oúnjẹ, ẹ ó fi ẹ̀yìn ṣíbí rọra ti iwe náà sínú abọ́ mi, ẹ ó ní kí n jẹ ẹ́ kí n fi gbọ́n. Ìrẹsì tí òróró awó ti kàn, ẹ ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ ó ní ẹ ti yó. Ẹyin awó tí ẹ máa ń rà fún mi ní gáà, ẹ ó bó o, ẹ ó fi iyọ̀ sí i, ẹ ò ní tọ́ ọ wò. Mo máa ń fi yangàn fún gbogbo wọn ní lékòòlù pé kò sí ẹni tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn tó mi. Nígbà tí wọ́n ń sin yín, iwe yẹn ni mò ń rò.

Ó wá di ọjọ́ ìsinmi kan tí ọyẹ́ ti ń lọ. Ìyá mi lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, ó ní kí n gbé ẹja fún Bámidélé bó bá dé. Mo ní ó dáa. Mo pa awó, mo dín in, mo gbé iwe rẹ̀ lé orí ìrẹsì fún un gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo ń wò ó. Ó kí mi kú iṣẹ́. Ó wo abọ́ náà pẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ṣíbí ti iwe náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti ìrẹsì tí òróró rẹ̀ kàn tẹ̀ lé e, ó bu díẹ̀ jẹ nínú èyí tó kù.

Ẹ̀jẹ̀ mi ru. Àlejò tó bá ń ya ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́ nílé ẹni, ohun tó ń sọ ni pé májèlé wà nínú rẹ̀. Gbogbo bí mo ṣe ń fura sí i, mi ò rò ó rí pé òun náà ń fura sí wa. Mo bi í pé kí ló rí nínú oúnjẹ mi. Ó ní kò sí nǹkan kan. Mo ní kó jẹ ẹ́ nígbà náà. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó tẹrí ba, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an.

“Ẹ má bínú. Wọn kì í jẹ awó nílé bàbá mi.”

Mo pòṣé. Mo ní ilé bàbá wo nìyẹn, tí wọn kì í jẹ ohun tí gbogbo Parakou ń jẹ? Mo ní láti ọjọ́ tó ti dé, mi ò gbọ́ kó dárúkọ bàbá kankan rí. Mo sọ gbogbo ohun tó wà nínú mi dà sí i lára: ọ̀fẹ́ tó ń ṣe, fọ́tò tó ń wò, orúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀. Mo ní kó kó Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀ náà, kó má sì padà wá mọ́. Ìdánwò mi kù fẹ́ẹ́rẹ́, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ní kàkà kí n jẹ́ kí àjèjì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, màá kúkú lọ fẹ́ oníṣu. Kò bá mi jà. Ó mú fìlà rẹ̀, ó tún wo fọ́tò yín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó jáde. Ewúrẹ́ dùbúlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó rọra ré e kọjá bó ṣe máa ń ṣe.

Ìyá mi pàdé rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ ilé. Ó wọlé wá, ó wo abọ́ náà, ó wo iwe lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan àti ìrẹsì olóróró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó lọ jókòó sórí àga yín, tí kò sẹ́ni tó jókòó lé láti ọjọ́ tí ẹ ti lọ. Mo rò pé ó máa pariwo mọ́ mi. Kò pariwo.

“Ọmọ bàbá rẹ lo lé jáde yẹn.”

Bàbá, mo jókòó sílẹ̀ níwájú ìyá mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó wá, kó tó sọ nǹkan kan ni òun ti rí ẹsẹ̀ yín lára ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tó ré ewúrẹ́ kọjá. Ó ní nígbà tí mo lọ bu omi ni òun bi í pé ọmọ ta ni, tó sì dárúkọ yín. Obìnrin kan ní Ṣakí, níbi tí àwọn ọkọ̀ ti máa ń dúró sinmi, ló bí i fún yín, kí ẹ tó fẹ́ ìyá mi. Kí ẹ tó fẹ́ ẹ lóòótọ́, Bàbá? Ìyá mi ló wí bẹ́ẹ̀, mo sì ti wo ojú Bámidélé dáadáa, ó dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo ṣì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín. Ó rántí yín díẹ̀. Ó rántí pé ẹ ra fìlà kan fún òun, pé ẹ jẹ́ kí òun gbóòórùn epo ọkọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ yín, àti ọ̀rọ̀ yín yẹn. Lẹ́yìn náà ẹ ò gba ọ̀nà Ṣakí mọ́. Kí ló dé tí ẹ ò gba ọ̀nà náà mọ́? Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó gbéra láti wá yín. Ó dé Parakou, wọ́n ní a ti sin yín.

Mo bi ìyá mi pé ti awó ńkọ́. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ ni? Ó ní èèwọ̀ ìdílé yín ní Ṣábẹ̀ ni, láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tí ẹ di alàgbà, ẹ dúró níwájú ìjọ, ẹ ní ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ sọnù, ẹ ní ọmọ yín kò ní jogún èèwọ̀ kankan. Ẹ fi ọwọ́ ara yín bọ́ mi ní awó kí gbogbo ìjọ lè rí i. Ṣùgbọ́n ọ̀fun tiyín kò gbà á. Ìtìjú wá mú yín, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò jẹ ẹ́, ẹ wá ń tì í sí mi.

Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn. Gbogbo iwe yẹn, gbogbo ẹyin gáà yẹn, ṣé torí pé ẹ fẹ́ràn mi ni, àbí ẹ kàn ń wá ibi tí ẹ máa da ẹran yín sí? Ó dùn mí ju ti ọmọ Ṣakí lọ. Mo sunkún lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ yín fún. Ìyá mi jókòó tì mí, kò ní kí n dákẹ́. Ó kàn sọ pé Bámidélé ló bẹ òun kí òun má tíì sọ fún mi, kí n má baà rò pé ogún ló wá pín, kí n kọ́kọ́ gba iṣẹ́ mi. Ó ní òun náà sì mọ irú ọmọ tí òun bí, pé màá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì, Àjíǹde á sì bá mi níbi tí mo ti ń wá àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀.

Nígbà tó yá ni mo wá ro tirẹ̀. Èmi ni mo ní ilé yín, fọ́tò yín, orúkọ yín ní lékòòlù, èmi ni mo sùn lẹ́yìn yín nínú kàmíọ̀. Òun, ìyá rẹ̀ kò rí nǹkan mìíràn fún un látọ̀dọ̀ yín ju pé wọn kì í jẹ awó nílé bàbá rẹ̀. Ó gbé e dání láti kékeré. Ní Ṣakí wọ́n ń fi í ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ilé bàbá èwo, kò fi sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀yin ní ẹ ti kó sọnù níwájú ìjọ, òun ni gbogbo ogún tó kàn án.

Mo wọ bàtà, mo lọ sí Banikanni. Ó jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa, ó ń wo ilẹ̀. Kí n tó débẹ̀ ni mo ti ń to ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀ níwájú gbogbo ará ọjà, mo kí i bí àbúrò ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n. Kò rò ó tẹ́lẹ̀. Ó fa apá mi kí n dìde. Ìdánwò ló kọ́kọ́ béèrè, pé ṣé mo ti mọ ìyàtọ̀ 'late' àti 'lately'. Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Ni mo bá tún bú sẹ́kún.

Ìròyìn ayọ̀ tí mo ní fún yín nìyí: mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Titirou. Nọ́ọ̀sì dán mi wò pẹ̀lú obìnrin kan tó gbé ọmọ tuntun wá, ó ní kí ìyá dùbúlẹ̀, ká tẹ́ ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó béèrè bó ṣe ń sùn ní ẹnu àìpẹ́ yìí. Gbogbo àwọn ìbejì ọjọ́sí yẹn ló kó jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pé ta ló gbé e, mi ò sì ṣi ọ̀kankan tú. Tàǹtí ti gbọ́ ní Ṣábẹ̀, ó ti wá oníṣu náà ní ìyàwó mìíràn. A ò tíì sọ fún un nípa Bámidélé. Mo fura pé ó ti mọ̀ tipẹ́.

Ní ọjọ́ ìsinmi tó kọjá, ìyá mi pa awó láti bá mi yọ̀. Ó gbé ẹja fún Bámidélé, ó gbé iwe lé orí ìrẹsì mi, ó ní èmi ni olórí ilé báyìí. Bámidélé gbàdúrà sí oúnjẹ. Mo mú ṣíbí. Mo wo ẹja tirẹ̀, mo wo iwe temi, mo wo fọ́tò yín. Mo fi ẹ̀yìn ṣíbí ti iwe náà sínú abọ́ ìyá mi, mo ti ìrẹsì tí òróró rẹ̀ kàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá mi bi mí pé kí ló dé, ṣé kò jinná ni.

“Wọn kì í jẹ awó nílé bàbá mi.”

Bámidélé gé ẹja rẹ̀ sí méjì, ó gbé apá orí fún mi.

Mi ò tíì yé fura sí yín o, Bàbá. Bó bá ṣẹ́ ku ẹlòmíràn ní Ṣakí, ẹ tètè fi hàn wá lójú àlá, a máa wá àyè fún un nídìí oúnjẹ. Ẹ sinmi dáadáa. Ewúrẹ́ kí yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn iwe púpọ̀, tí kì í jẹ awó mọ́.